Etí Òsì Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bí ẹnìkan bá bi yín pé báwo lara ọmọ yín, kí lẹ máa ń dáhùn? Ṣé kì í ṣe "ara ti yá, a dúpẹ́" ni? Kódà bí ọmọ náà kò bá lè dìde lórí ẹní! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. A kì í fi ẹnu ara wa pe ibi, kó má baà jókòó tì wá. Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo fi ba ti ọmọ mi jẹ́. Mi ò sunkún mọ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń se ọbẹ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàn dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Sámúẹ́lì, àkọ́bí mi, kì í bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ mọ́.

Abidjan níbí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni mo bí i sí. Ó wọ iṣẹ́ ológun, àdó olóró kan tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ní ìhà àríwá sì bú gbàù lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí, nítorí ó ń tiro. Ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ ti kú pátápátá, ẹ̀yìn kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́, oorun sì ti jìnnà sí i. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, abẹ́ tábìlì lẹ ó ti bá a. Àgbàlá wa ní Koumassi Remblais, ilẹ̀kùn mélòó ni kì í gbá lójúmọ́?

Nígbà tó kúrò níṣẹ́, wọ́n pè é sí Plateau, síwájú àwọn dókítà tó ń wọn ìpalára àwọn ológun. Gbogbo ọgbẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀. Èyí tí wọn ò bá kọ, àfi bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀, ìjọba ò ní tọ́jú ẹ̀. Mo bá a lọ. Apá òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Dókítà wò mí, ó ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ ń bá a gbé. Ṣé ó ń gbọ́ràn? Ṣé ó ń sùn?"

Mo ní, "Ça va, dókítà, ara ti yá. Dieu merci, a dúpẹ́. Ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sùn dáadáa." Mo rọra sọ ọ́, etí tó kú ló bọ́ sí; mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é.

Ìwé dé: quinze pour cent, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ nìkan. Sámúẹ́lì kò kà á dópin tó fi jù ú sílẹ̀. "Màmá, ẹ ò rí i bí dókítà yẹn ṣe rẹ́ mi jẹ?" Mo ní Ọlọ́run á dájọ́. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàbá Séverin, ará Pọ́tónóvò bíi bàbá mi, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, kó bá wa kọ lẹ́tà láti ta kò ó. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ìyá Sámú, wọ́n ní ìyá rẹ̀ jẹ́rìí pé ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sùn. Ìyá mélòó ni Sámú ní?"

Mo nawọ́ láti gba ìwé náà padà, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lo rò pé o wà ni, tó o fi ń jẹ́rìí ìwòsàn? Màá kọ lẹ́tà. Àmọ́ lẹ́tà ò lè gbé ohun tó o sọ mì. Ìwọ lo máa lọ yí i padà. Kó o sì sọ fún ọmọ ẹ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́tà náà lọ, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wa láti padà wá sí Plateau. Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé màá sọ fún Sámúẹ́lì kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó ń ṣépè fún dókítà, èmi ń ṣe àmín. Nínú gbàká, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé wa lọ pàápàá, mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ọpẹ́ bo ọgbẹ́ ọmọ yín níwájú ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Ọlọ́run kò ní bínú bí ẹ bá sọ òótọ́.

Wọ́n pè wá wọlé. Mo kọjá àga tó wà lápá òsì rẹ̀, mo lọ jókòó sápá ọ̀tún, níbi etí tó ń gbọ́. Dókítà mìíràn ni, obìnrin. Ó ní, "Mama, báwo lara ọmọ yín?"

Mo ní, "Kò yá, dókítà. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Kì í sùn. Ó ń tọ̀ sórí ibùsùn, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo sọ nígbà àkọ́kọ́ pé ara rẹ̀ ti dá. Irọ́ ni."

Sámúẹ́lì yí ojú sí mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò sì fi "a dúpẹ́" kún un.