Yàrá Tí A Ń Tì Láti Ìta

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ Sátidé tí Olúwa fi ìran yìí hàn mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ara mi le, n kò sì lo oògùn kankan lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibà ló ń dà mí láàmú.

Àgbàlá kan náà ni èmi àti àbúrò mi, Láníyì, ń gbé. Ilé iwájú ni tirẹ̀, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ni tèmi. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Ìbídùn ni àkọ́bí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ kò ti yá bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀: ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, títí di òní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà. Àwọn kan ń pè é ní dìndìnrìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní orúkọ. Ó máa ń ṣa ẹ̀wà láìku òkúta kan, ó sì mọ orin ìjọ wa ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Fọlákẹ́ ni àbúrò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ àkọ́bí la fi máa ń pe ìyá, ṣùgbọ́n Ìyá Fọlákẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó àbúrò mi. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà Fọlákẹ́ ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń bèèrè kí wọ́n tó gbé ìyàwó: ṣé kò sí wèrè nínú ẹbí yìí? Ṣé kò sí wárápá? Nítorí ìbéèrè yìí ni Ìyá Fọlákẹ́ ṣe wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀, àgádágodo tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Ìbídùn wà nínú yàrá yín títí wọ́n á fi lọ. Ẹ bá mi jókòó tì í. Tó bá fẹ́ pariwo, ẹ fún un ní bisikíìtì."

"Títí wọ́n á fi lọ nìkan?"

Ó wolẹ̀. "Tí a bá ti ní a ò bí i, ẹ̀gbọ́n, ibo la tún fẹ́ ti mú un jáde? Wòlíì kan ní ilé àdúrà lójú ọ̀nà oko. Wọ́n máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so irú wọn níbẹ̀ kí wọ́n má baà sá lọ. Á máa wà níbẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀gbọ́n. Fọlákẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́."

N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbàdúrà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn títí orúnkún fi ń ro mí, mo wá jókòó sórí àga. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé lójú fèrèsé. Bí mo ti ń wò ó, ó ṣókùnkùn.

Ọkùnrin kan dúró níwájú mi nínú aṣọ funfun, kò wọ bàtà. "Dì... dìde," ni ó wí. "Jẹ́ ká..." Ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà, kò tètè rí i. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe tíṣà, mo bá a parí rẹ̀: "Jẹ́ ká lọ." Ó wò mí, kò bínú. Ó ní, "Jẹ́... kí n... sọ tán."

Ó mú mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí n kò rí òpin rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin wà lọ́tùn-ún lósì, a sì ti gbogbo wọn láti ìta. Ooru ibẹ̀ dàbí ti yàrá onípáànù lọ́sàn-án gangan, kò sí fèrèsé kankan. Lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni ihò kékeré kan wà tí a lè yọjú.

Mo yọjú ní àkọ́kọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ nínú léèsì olówó gọbọi, òógùn ti bò ó. Mo gbọ́ ìró àwo àti ẹ̀rín àlejò lẹ́yìn ògiri. Àlejò kan bèèrè pé, "Ta ló wà nínú yàrá yẹn?" Ohùn ọmọdé dáhùn pé, "Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Ẹrù la kó síbẹ̀." Obìnrin náà kígbe pé, "Èmi ni! Èmi ni ìyá rẹ!" Ẹsẹ̀ àlejò kọjá lọ. Lẹ́yìn náà àlejò mìíràn tún bèèrè.

"Òpùrọ́," ni amọ̀nà mi wí. "Ó sẹ́... ọmọ rẹ̀."

Ní èkejì ni mo rí wòlíì kan. N kò rí àwọn tó ń nà án, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pàṣán, mo sì gbọ́ ọ̀pọ̀ ohùn tó ń ké pé, "Jáde! Jáde kúrò lára rẹ̀!" Ó ń yí nílẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n, "Kò sí ẹlòmíràn lára mi! Èmi náà nìyí! Èmi náà nìyí!"

"Aninilára," ni amọ̀nà mi wí.

Ní ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan ń sáré láti ògiri kan dé èkejì, ó ń wá ọmọ tuntun tó ń ké. Bó bá ti dé ibi tí ẹkún náà wà, ẹkún á ti bọ́ sí òdìkejì. Amọ̀nà mi ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tí kò dàbí tàwọn ẹlòmíràn, ó ní ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òun, ó sì lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Alágbèrè ni.

Ilẹ̀kùn kẹrin ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Àga mi ni mo rí níbẹ̀, àga mi gan-an, bisikíìtì sì wà lórí rẹ̀.

Mo ti wọlé kí n tó rò ó, ilẹ̀kùn ti pa dé lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró àgádágodo, mo fọwọ́ wá ojú kọ́kọ́rọ́, kò sí ojú kọ́kọ́rọ́ nínú, ògiri ń sún mọ́ mi, mo gbá ilẹ̀kùn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí, mo pe àbúrò mi, mo pe gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ rí, n kò rí atẹ́gùn mí sínú, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń bèèrè lóde pé ta ló ń gbá ilẹ̀kùn yẹn, mo sì gbọ́ ohùn kan tó dáhùn pé kò sí ẹnìkankan níbẹ̀, ohùn náà sì ni ohùn èmi fúnra mi.

Mo ké sí amọ̀nà mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Èè... èèyàn..."

"Èèyàn wà níbí!" ni mo já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "Sọ ọ́ kíá, jọ̀ọ́!"

Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún já a gbà. Ó tún dákẹ́. Nígbà náà ló yé mi pé bí n kò bá jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, n kò ní jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Ẹ̀yin ará, n kò dúró de ohunkóhun láyé mi bí mo ṣe dúró de gbólóhùn yẹn.

"Èè... èèyàn... wà... ní... níbí."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó mú mi gòkè dé ibi tí kò sí ògiri. Koríko ibẹ̀ tutù, àwọn olóòótọ́ sì jókòó lórí rẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń kọrin, orin náà sì ń dúró de àwọn tí ẹnu wọn ń fà. Mo rí ìyá kan tó máa ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sí ìjọ wa kí àwọn méjèèjì tó kú. A máa ń ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ariwo ọmọ rẹ̀ má baà dí wa lọ́wọ́. Àárín gbùngbùn ni wọ́n wà níbí. Ọmọ náà ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láyé, kò sí ẹni tó ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹnu yà mí. "Ṣé ẹ kì í wò wọ́n sàn níbí ni?"

Mo dúró títí ó fi rí ọ̀rọ̀. "Ìrora wọn... ni a wò. Àwọn... fúnra wọn... kì í ṣe... àìsàn."

Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n. Kò gbà fún mi. Ó ní wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn mi. Mo lajú lórí àga mi nínú yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ti dé o!" Ìyá Fọlákẹ́ ni. Ìbídùn dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ilé tó ti gbó. "Ẹ gbà á wọlé kíá."

"Ìyàwó mi, n kò ní gbà á wọlé. Lọ mú aṣọ rẹ̀ tó dára wá."

"Ẹ fẹ́ ba ayé ọmọ mi jẹ́!"

"Ọmọ rẹ wo?"

Ó bú sẹ́kún. Mo gbá a mọ́ra, mo sọ fún un pé n kò bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo wá bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. "Ìbídùn, ṣé o fẹ́ lọ kí àwọn àlejò?"

"Mo fẹ́. Ṣé... ẹran wà?"

Àgbà kan nínú àwọn àna wa ń bèèrè iye ọmọ tó wà nílé nígbà tí a wọ pálọ̀. Láníyì la ẹnu, ó rí wa, ó pa á dé. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni... àkọ́bí." Ó wo bàbá náà dáadáa. "Ṣé ẹ̀yin... ni ọkọ? Ẹ ti... darúgbó jù o!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó yíjú sí àbúrò mi. "Ẹ má bínú o. Irú èyí, ṣé ó ti wà nínú ẹbí yín rí?"

Láníyì di ọwọ́ Ìbídùn mú. "Bàbá, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ni. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ wá gba Fọlákẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ ó bá òun náà níbẹ̀."

Wọ́n jẹun díẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ rò ó. N kò ní purọ́ fún yín: títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì fèsì. Fọlákẹ́ ń sunkún, ìyá rẹ̀ kì í sì í dá mi lóhùn dáadáa. Bóyá wọn á padà wá, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ nílùú yìí pé Láníyì kò bí Ìbídùn, kò sì sí ẹni tó lè mú un lọ sí ilé àdúrà ní bòókẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ará, irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò wa. Àwọn kan wà nínú ilé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹ ṣí wọn. Ẹ mú àwọn èèyàn yín wá sáàárín ìjọ, ẹ fi wọ́n sínú ẹgbẹ́, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó bá wọn pinnu. N kò tọrọ àánú fún wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ má dúró de ìran tiyín.