Ògiri Tí Àwọn Ajẹ́ńtì Ilé Ń Lá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, mo lè má lè sọ ọ́ mọ́. Kì í ṣe àlá ọjọ́ pípẹ́ ni mo fẹ́ rọ́ fún yín. Ọ̀sán òní yìí ni mo rí i, nínú ilé àdúrà yìí, lórí ẹní tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ajẹ́ńtì ilé ni mí. Kì í ṣe àwọn tó máa ń gbé pátákó sábẹ́ igi tí wọ́n á máa pe ẹni tó ń kọjá lọ o. Èmi gba ìwé àṣẹ. Mo búra níwájú àwọn tó fún mi, wọ́n sì ka ojúṣe mi sí mi létí: kí n jẹ́ olóòótọ́ sí ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún mi, kí n má tú àṣírí rẹ̀, kí n má da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi, kí n má sì tan ẹni tó fẹ́ ra ilé jẹ. Mo fi gíláàsì bo ìwé náà, mo gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì mi, mo sì máa ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ilé kan wà lọ́wọ́ mi báyìí tí wọ́n fẹ́ san owó rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ń tà á wà nínú ilé àdúrà yìí. Ẹni tó fẹ́ rà á náà wà níbí. Mi ò ní tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wo ilé yẹn, mo bá ọ̀rọ̀ gàdàgbà lára ògiri iwájú, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Nígbà tí mo máa padà lọ, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun gbogbo ògiri náà, ó ń dán. Mo bi onílé pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn, ẹ má dá sí i. Ṣebí ajẹ́ńtì mi lẹ jẹ́? Ẹ pa àṣírí mi mọ́." Mo ní kò burú, àmọ́ mo wádìí ọ̀rọ̀ náà ládùúgbò, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rí ọkàn mi ti ń dá mi lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ààwẹ̀, tí mo wá síbí lọ́sàn-án láti bi Olúwa bóyá kí n sọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé náà tàbí kí n dákẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Mo wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pé kí n kàn sinmi díẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó dúró lókè orí mi. Aṣọ rẹ̀ funfun, kò wọ bàtà, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde. A fẹ́ lọ wo ilé."

Èmi tó jẹ́ pé ohun tí mò ń sọ fún èèyàn lójoojúmọ́ nìyẹn! Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Ojú ọ̀nà kan la kọ́kọ́ dé. Eruku ibẹ̀ gbóná bí eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nínú ààrò. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin ń rìn lórí rẹ̀, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti bó, ó ń wọ́ tẹ̀ lé wọn nílẹ̀. Ẹni tó ṣíwájú wọn ń kígbe pé, "Ó kù díẹ̀! Ẹ̀yìn ilé yẹn ni! A ti dé tán!" Wọn kò sì dé ibì kankan. Mo bi amọ̀nà mi pé àwọn wo nìyí. Ó ní, "Àwọn tó ń gba owó àfihàn lọ́wọ́ ẹni tó ń wá yàrá, tí wọ́n á mú un rìn kiri lọ wo ilé tí wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíì ti gbà." Mo dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, ó máa ń bá mi du oníbàárà nígbà ayé rẹ̀. Òun náà dá mi mọ̀, ó fẹ́ kí mi, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Láti ibẹ̀ a wọ ilé kan tí kò ní fèrèsé. Òórùn tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin ará, ẹ ronú nípa ṣáláńgá tó kún lásìkò òjò, kí ẹ wá da ẹja tó ti bàjẹ́ sí i. Àwọn èèyàn jókòó sílẹ̀ yíká, ikùn wọn wú rìbìtì, wọ́n ń bì. Owó ni wọ́n ń bì. Owó tó ti rà, tó ń yọ̀, tí ìdin ń rìn lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bì í tán, ohùn kan á ní, "Ẹ ṣà á. Èwo ni ti oníbàárà, èwo ni tiyín?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣà á, wọn kò ní mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n á sì tún gbé gbogbo rẹ̀ mì. Obìnrin kan tó fi wúrà sọ́rùn ń bu tirẹ̀ lókèlè lókèlè bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi ìborùn di imú.

Amọ̀nà mi ní, "Wọ́n fi owó sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ìwé ilé á fi jáde. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n sì ná an."

Mo ní, "Sà, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti ní in lọ́kàn láti dá a padà."

Ó ní, "Gbogbo wọn ló ní in lọ́kàn."

Nínú yàrá tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wà tó ní ẹnu méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́. Ti iwájú ń sọ pé, "Bàbá onílé, tiyín ni mò ń ṣe." Ti ẹ̀yìn ń sọ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, tiyín ni mò ń ṣe." Itọ́ dúdú ń dà láti ẹnu méjèèjì, ó ń ṣàn lọ sí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń rùn. Amọ̀nà mi ní ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ilé kan ṣoṣo, kò sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ nípa èkejì. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó máa ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń wá yàrá pé kó kọ́kọ́ wá sun ọ̀dọ̀ àwọn, kí ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́ọ̀nù lè rọrùn. Alágbèrè ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ aninilára. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí lára wọn, nítorí àwọn ọmọdé wà láàárín wa. Mo kàn mọ̀ pé mi ò ní lè jẹ ìgbín mọ́ láyé mi.

Mo bẹ ọkùnrin náà. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi kúrò níbí." Ó di ọwọ́ mi mú, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi lójú.

Ẹ̀yin ará, mo rí ibi ìsinmi. Ilé pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn wọn wà ní ṣíṣí. Kò sí ẹni tó ń bi èèyàn pé ọmọ ìlú ibo ni, kò sí ẹni tó ń sọ fún obìnrin pé àfi kó mú ọkọ wá kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Mo rí Bàbá Ajíbádé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ajẹ́ńtì, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ gbalaja. Nígbà ayé wọn, a máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń lé oníbàárà lọ. Bí wọ́n bá mú èèyàn lọ wo ilé, kí onítọ̀hún tó yin yàrá ni wọ́n á ti sọ pé, "Òrùlé ibí yìí ń jò o, kànga yẹn sì máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn." Mo wólẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Dárà, káàbọ̀. Ṣé o ti gbà á ni, àbí o kàn wá wò ó?"

Amọ̀nà mi ló dáhùn. Ó ní, "Kò tíì gbà á. Ilé kan kù tó gbọ́dọ̀ wò."

Ojú Bàbá yí padà. Wọ́n ní, "Lọ wò ó dáadáa. Má wo ọ̀dà."

A tún sọ̀ kalẹ̀. Ògiri kan ni, ó gùn débi pé mi ò rí òpin rẹ̀, ọ̀dà tuntun wà lára rẹ̀, ó ń dán. Àwọn èèyàn kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n so ìwé àṣẹ kálukú mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń fi ahọ́n lá ọ̀dà náà kúrò. Ahọ́n wọn ti wú, ó ti là, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀dà àti itọ́ ti pò pọ̀, ó ń kán sí wọn láyà, eṣinṣin ń bà lé e. Bí ọ̀dà bá ti ṣí níbì kan, ọ̀rọ̀ á yọ lábẹ́ rẹ̀. ILÉ YÌÍ WÀ NÍ KÓÒTÙ. OMI Ń WỌ IBÍ. ÌJỌBA MÁA WÓ O. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí wọ́n ta ilé fún dúró sí, ẹrù wà lórí wọn, ẹní, ìkòkò, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń dúró kí ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ẹni tó lá ògiri á yíjú sí wọn pé kóun kà á, ahọ́n á kọ̀, ariwo lásán ló máa jáde, ọ̀dà á sì tún bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn rí mi. Ó sún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi, bí ẹni tó ń fún ará ṣọ́ọ̀ṣì níjòókòó. Mo wo ògiri tó wà níbẹ̀. Mo mọ ọ̀dà náà.

Mo kígbe, "Sà! Àṣírí oníbàárà mi ni mo pa mọ́! Mo búra!"

Ó ní, "Iye tó lè gbà kẹ́yìn, àṣírí rẹ̀ ni. Ìdí tó fi ń kánjú, àṣírí rẹ̀ ni. Àrùn tó wà lára ilé kì í ṣe àṣírí rẹ̀. Ti ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ ni."

Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ rà á kò bi mí!"

Ó ní, "Báwo ló ṣe máa béèrè ohun tí ẹ ti fi ọ̀dà bò?"

Mo yíjú láti sá, ẹsẹ̀ mi kò gbéra, eékún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé àṣẹ mi tí mo fi gíláàsì bò ti wà lọ́rùn mi, ó ń fà mí wálẹ̀, ògiri ń sún mọ́ mi, mò ń pe Jésù, ohùn kò jáde, ẹnu mi là, ahọ́n mi jáde láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́, ó kan ọ̀dà náà, ó tutù, ó korò, ó ń yọ̀ bí ikun, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn mi, mo mọ ohùn rẹ̀, ohùn ẹni tó fẹ́ san owó lọ́la ni.

Arábìnrin Tinúkẹ́ tó wá gbálẹ̀ ló jí mi. Ó wà níbí, ẹ bi í léèrè. Ó ní, "Ìyá Dárà, kí lẹ ń fi ahọ́n wá lára ẹní?"

Ìkìlọ̀ tí mo gbà rè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé, tí ẹ ń ta ilẹ̀, tí ẹ ń bá èèyàn wá yàrá, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́ yín, kò ní ẹ̀tọ́ sí irọ́ yín. Ẹ má sọ pé wọn ò bi yín.

Rárá, Alàgbà Ṣówándé, mi ò ní jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, sà. Iye tí ẹ lè gbà kẹ́yìn, mi ò sọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́. Ìdí tí ẹ fi ń kánjú, ó máa bá mi dé sàréè. Àmọ́ ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ wọn, tí àbúrò yín obìnrin kọ̀ kí ẹ tà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri, mi ò lè bá yín fi ọ̀dà bò ó. Láti ìrọ̀lẹ́ yìí, èmi kọ́ ni ajẹ́ńtì yín mọ́.

Màmá Ògúnṣínà, ẹ má sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe nọ́ọ̀sì títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì yín ni ẹ fẹ́ kó kalẹ̀ lọ́la yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní òmíràn. Ẹ wo ojú mi, Màmá. Ẹ bi mí ní ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa ilé náà. Ahọ́n mi ṣì wà lẹ́nu mi.