Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Aránṣọ Kò Sọ

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí èmi fúnra mi ni mo so òtítọ́ mọ́lẹ̀. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ náà wọ sàréè. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ìyá Aláàánú lẹ ń pè mí. Irọ́ ni mo fi gba orúkọ náà.

Ní ọdún kejì wa nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa ní kí kálukú máa jókòó ti aláìsàn kan lójoojúmọ́, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá aránṣọ kan ni wọ́n fún mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Kó tó pe ọ̀rọ̀ kan tán, èèyàn á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì. Ìdánwò ń bọ̀, n kò sì ní sùúrù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Kọ ohun tó bá wù ẹ́ jàre. Ṣé aláìsàn ló máa wá máàkì ẹ̀ ni?" A rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ kọ fún ìyá náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bí mo ṣe ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bá mi... pe ọmọ mi." Mo gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé n kò gbọ́. Mo ní, "Ẹ sinmi, màmá, mò ń bọ̀." Mo já ọwọ́ mi gbà, n kò padà. Ìwé ti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ ṣáájú kí n tó wọ wọ́ọ̀dù: ìyá ní ọkàn òun balẹ̀, kí wọ́n má pe ọmọ òun, kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu. Kó lè dùn ún kà ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò pa á rẹ́.

Olùkọ́ kà á sí gbogbo kíláàsì létí, ó nu ojú rẹ̀, èmi ni mo gba máàkì tó ga jù. Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà kà á, ó sì gbé fóònù tó ti mú lọ́wọ́ láti fi pe ọmọ ìyá náà kalẹ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí aláìsàn bá fẹ́. Ọjọ́ kẹta tó ti di ọwọ́ mi mú, lọ́sàn-án, ìyá aránṣọ kú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti fọ̀, tó ti lọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ti jà lọ́dún tó kọjá; ó gbọ́ pé ara ìyá kò yá, ó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ikú ìyá ni wọ́n sọ fún un. Nọ́ọ̀sì àgbà ní èmi ni mo sún mọ́ ìyá jù, kí n ka ìwé náà fún un. Mo kà á.

Ó ní, "Màmá mi ló ní kí wọ́n má pe èmi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Máàkì mi ni mo rò. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ọkàn wọn balẹ̀."

Kò sunkún. Ó ní, "Wọn ò dárí jì mí nìyẹn." Ó kó àwọn aṣọ náà, ó lọ.

Mo ti wá obìnrin yìí títí, wọ́n ní ó ti kó kúrò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi mú ìwé yìí káàkiri. Àǹtí, bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin ni ìyá yín ń pè. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, mo gbà, ó tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà gba ìyá yín padà lọ́wọ́ mi.