Epo Ìsàlẹ̀ Agbada

Níwájú mi lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgbó-Ọrà, ìyá alákàrà kan láti Ìdèrè ń bá obìnrin tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Ọkọ ìyá náà ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì.

“Baálé mi ń lo oògùn wọn déédéé. Iyọ̀ gan-an, mo ti dín in kù. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ò wálẹ̀.”

“Epo wo lẹ fi ń sebẹ̀ fún wọn, Màmá?”

“Èyí tó bá kù nínú agbada àkàrà mi ni.”

“Ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ń fi í dín àkàrà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Ṣé ilé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n bí mi sí ni? Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, mo máa ń bu tuntun lé e. Ìgbà tó bá dúdú ni mo tó ń gbé e lọ sílé.”

“Kí ló dé tẹ́ ò fi fi í dín àkàrà mọ́ tó bá ti dúdú?”

“Oníbàárà ò ní rà á. Á máa korò, á sì máa ta wọ́n lọ́fun.”

“Màmá, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe bàbá mi, nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé epo tí wọ́n bá ń dáná sí léraléra máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dà á nù.”

Ìyá náà wo ọkọ rẹ̀ títí. “Èyí tí oníbàárà ò lè jẹ ni mo ń gbé fún baálé mi.”

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n. Bàbá lajú. “Ebi ń pa mí o. Ṣé ọbẹ̀ àná ṣì kù nílé?”

Ìyá fà á dìde. “Tuntun ni mo máa sè fún yín.”