Kọ̀mpútà Tí Wọ́n Fi Òrí Ra

Nínú tíréènì tó ń lọ sí Skokie, ọkùnrin kan jókòó síwájú mi, ó gbé kọ̀mpútà lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó ń rojọ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, thermal paste tí mo ní kẹ́ ẹ fi sáàárín chip àti fáànù kó má gbóná mọ́ ńkọ́?"

"Ó ti gbẹ. Òrí tí Màmá mú wá láti Ṣakí ni mo fi rọ́pò ẹ̀."

"Òrí tá a fi ń para?"

"Ta ni ibà mú nílé wa rí tí Màmá ò fi òrí ra? Mo sì fi ra á dáadáa, mi ò ṣahun."

"Paste gan-an, bí ẹyọ ẹ̀wà kan péré ni, láàárín, ká wá fi fáànù tẹ̀ ẹ́. Òrí á kàn yọ́ dànù ni! Ọ̀gá yín sì ń retí iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ lónìí. Ṣé ẹ tiẹ̀ test ẹ̀?"

"Mo test ẹ̀ o. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí Màmá ṣe máa ń ṣe. Ó tutù nini."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn?"

Ọkùnrin náà tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kọ̀mpútà náà.

"Ooru ara ẹ̀ ti lọ, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Kò kàn tíì jí ni."