Oríkì ní Gbọ̀ngàn Padua

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Padua bọ̀ wá sí Brescia, ọmọbìnrin kan tó gbé àpótí fáólìn lé itan ń bá obìnrin kan tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ níwájú mi, èmi náà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

"Àǹtí, ọdún kẹfà rèé tí èmi àti ẹgbẹ́ wa ti ń kọrin Celtic, orin àwọn ará Ireland, káàkiri Turin, Modena, gbogbo ẹ̀. Màmá mi ò wá wò wá rí, àfi lánàá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ó mà dáa."

"Kò dáa, mà. Orin jẹ́jẹ́ la ń kọ lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ni màmá mi bá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Àwọn òyìnbó yíjú sí wọn, wọ́n ń ṣe 'ṣììì'."

"Ta ni ì bá kì ọ́, bí kò ṣe ìyá rẹ?"

"Mo tẹjú mọ́ fáólìn ni. Nígbà tá a ṣe tán, ọ̀gá wa bi mí pé ta ni obìnrin yẹn. Mo ní, 'Non la conosco,' mi ò mọ̀ ọ́n. Àṣé màmá mi ti dé ẹ̀yìn mi."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọn ò wò mí. Ọ̀gá wa ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní, 'Ẹ má bínú, signore, àṣìṣe ni. Ó jọ ọmọ mi.'"