Bí Mo Ṣe Pe Ọmọ Mi Ní Awòràwọ̀ Lójú Ìjọ

Ògo ni fún Ọlọ́run tó so oṣù rọ̀ sójú sánmà láìlo okùn! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e ga. Ẹ tún bá mi gbé e ga lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé inú ilé ìjọsìn yìí gan-an lojú ti tì mí, inú rẹ̀ náà ni mo sì dúró sí lónìí láti dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé, ní ẹ̀sìtéètì tó wà lẹ́yìn ọjà. Èdè Yorùbá ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ìwà mi. Tí ẹnikẹ́ni bá fi Gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá níwájú mi, màá rọra dá a dúró, màá ní kó tún un sọ. Mo dúpẹ́ pé ẹ ti ń fara dà á fún mi. Ìwà yẹn náà ló kó mi sí wàhálà.

Ọmọ kan ni mo ní, Tèmítáyọ̀. Láti kékeré lojú rẹ̀ ti máa ń wà lókè. Bí mo bá rán an lọ ká aṣọ lórí okùn nírọ̀lẹ́, ìrì á sẹ̀ sórí aṣọ, òun á ṣì wà níbẹ̀ tó ń wo sánmà. Nígbà tó dé yunifásítì, ó kọ́ físíìsì, ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ó sọ fún mi pé bí olùkọ́ wọn bá fẹ́ kí wọ́n to ẹ̀rọ, àwọn ọkùnrin ló máa ń pè. Bó bá fẹ́ kí wọ́n lọ ra omi, òun ló ń pè.

Nítorí ìyẹn ló ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, ní gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé awò rẹ̀ jáde, awò gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, àwọn ọmọ á sì máa yọjú sí i níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ wọ́n lẹ́nu.

Lọ́dún yìí, ọ̀nà ńlá ṣí. Níbì kan ní Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ní àwọn awò tó tóbi ju ilé lọ, wọ́n fẹ́ gba Táyọ̀ síṣẹ́, kí ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ. Obìnrin tó ń fa àwọn obìnrin mìíràn sókè ni wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ rí òun àti àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́, lórí fídíò, ní Sátidé kan tí wọ́n yàn. Bí wọ́n bá rí wọn, àyè di tirẹ̀. Bí wọn ò bá rí wọn, ó di ti ẹlòmíràn.

Ayọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè ní sùúrù. Mo ní màá ti dúpẹ́ sílẹ̀. Mo mú bírò láti kọ ìkéde ìdúpẹ́ fún ìjọ.

Táyọ̀ yọjú léjìká mi. "Màmi, ẹ kàn kọ asitirónómì. Wọ́n á mọ̀ ọ́n."

"Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Awòràwọ̀. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀. Ó kúrú, ó sì péye."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmi, ó dà bíi pé mò ń ta oògùn nínú mọ́tò."

"Bọ́ síta, jẹ́ n ríbi kọ nǹkan mi."

Ẹ̀yin ará, ẹ máa bá mi bọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ẹ rántí àdúrà tí a máa ń gbà kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ojú tó ń wo ìràwọ̀ mi láti pa á lára, fọ́!" Mo gbà á. Àmín tèmi ló ròkè jù ní ìlà wa. A ò tíì jókòó dáadáa tí Bùrọ̀dá Délé, akọ̀wé ìjọ, fi gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ó ti fi ìka tẹ ìkéde mi sínú rẹ̀, kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Ó wá kà á pé:

"Màmá Tíṣà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó sọ ọmọ wọn di awòràwọ̀, tó sì ń lò ó láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní ìlò awo ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé."

Awò ni mo kọ. Awo ló kà.

Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní "Àmín" kékeré kan, ó sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ gbà á padà. Mo fẹ́ dìde láti tún un ṣe, èmi tí mo máa ń tún ti gbogbo èèyàn ṣe, àmọ́ mi ò dìde. Mo tẹ orí ba, mo ń tún gèlè tí kò tú wé. Nígbà tí a túká, àwọn tó máa ń dúró kí mi gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dára. Ìyá Ṣadé pè mí. "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣadé á máa tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé báyìí."

Ẹlòmíràn ní ọfìnkìn ń ṣe ọmọ òun. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó máa san kó tó di Sátidé." Ó ní, "Rárá mà. Sátidé gan-an ló máa ń le."

Àlàájà Sìlífá, aládùúgbò wa tó ní ilé oògùn, kò pa irọ́ fún mi ní tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì wa, ó ní, "Màmá Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ pè é ní awo. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ láti mọ ọ̀la, ẹ̀sìn wa ò gbà á. Kúbúrá ọmọ mi ò ní wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká torí ẹ̀ bínú síra wa."

Mo ní, "Mo gbọ́, Àlàájà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìtìjú ò jẹ́ kó jáde.

Ní Sátidé yẹn, Táyọ̀ to àga sínú gbọ̀ngàn. Ó jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, ó kó wọn padà síbi ògiri. Sátidé tó kàn ni wọ́n yàn fún fídíò.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Màmá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa, wá sílé wa pẹ̀lú àwọn ìyá méjì, láti gbàdúrà ìtúsílẹ̀. Màmá Ìjọ, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ ti fún mi láyè láti sọ ọ́, ẹ má wá máa bojú. Táyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. Kó tó dìde, ọwọ́ ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Ó ń ṣe Àmín bí ọmọ tí a tọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

"Ẹ ṣé mà. Àmọ́ ìràwọ̀ ta ni mo wò?"

Wọ́n wo èmi. Èmi náà wo ilẹ̀, mo sì béèrè bóyá wọ́n á mu omi tútù.

Wọ́n lọ tán, Táyọ̀ ò pariwo. Ó ní, "Màmi, ẹ ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní Yorùbá. Ẹ ò wá lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nítorí tèmi?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí ìtìjú ti wọ egungun mi nìyẹn. Gbogbo ìtìjú tí mo ti ń ní tẹ́lẹ̀, nítorí orúkọ ara mi ni. Kí wọ́n má rí mi bí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ọmọ mi ló sì fẹ́ pàdánù iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá Màmá Ìjọ nílé wọn ní Ìkátẹ̀. Mo ti to àlàyé mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ wọ kíláàsì: ìtumọ̀ kìíní, ìtumọ̀ kejì, àmì ohùn. Màmá Ìjọ ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní:

"Màmá Tíṣà, mo ní àbúrò kan. Ọkùnrin kan sọ fún un pé òun rí ìràwọ̀ rẹ̀, pé ọkọ tó ń fẹ́ kọ́ ni tirẹ̀. Ó kọ ọkọ sílẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn kiri di òní. Tí mo bá gbọ́ 'awòràwọ̀', òun ni mo máa ń rí. Mi ò kórìíra ọmọ yín."

Gbogbo àlàyé mi fò lọ. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mi ò mọ̀. Èmi ni mo yan ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn létí mi, mi ò ro bó ṣe máa rí létí ẹlòmíràn."

Wọ́n ní, "Kí wá ni ọmọ yẹn ń rí nínú nǹkan yẹn?"

Mo ń na etí ìborùn mi.

"Màmá Tíṣà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ̀ báwo?"

"Mi ò tíì wò ó rí."

Màmá Ìjọ tẹjú mọ́ mi. "Ẹ̀yin tí ẹ bí i? Tí ẹ kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀ ń dúpẹ́? Kí lẹ wá ń dúpẹ́ fún?"

Mo ti jókòó síwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, mo ti jókòó síwájú àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ rí. Ojú ò tì mí tó báyìí rí. Mo mọ orúkọ tí iṣẹ́ ọmọ mi ń jẹ́, mi ò mọ iṣẹ́ náà.

Wọ́n ní, "Sátidé, èmi àtẹ̀yin la jọ máa lọ wò ó. Tó bá jẹ́ awo, àá fọ́ ọ níbẹ̀."

Sátidé dé. Oṣù ti yọ kí oòrùn tó wọ̀, ìdajì rẹ̀ ló hàn. Táyọ̀ dá wà nínú àgbàlá gbọ̀ngàn pẹ̀lú awò àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó rí Màmá Ìjọ, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀ fún àdúrà. Màmá Ìjọ ní, "Dìde, ọmọ mi. Ibo la ti ń wò ó?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú kan. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Táyọ̀, kí nìyí?"

"Oṣù ni, mà."

"Oṣù wa yìí?"

"Òun náà ni."

"Ó ní ihò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Òkúta ló ń já lù ú láti ọjọ́ pípẹ́."

"Kí ló wá ń sọ fún ọ nípa èmi?"

Táyọ̀ ní, "Kò mọ̀ yín, mà."

Màmá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà wọ́n fà mí síbẹ̀. "Ó yá, Tíṣà, ẹ wá ṣe iṣẹ́ àmúrelé yín."

Mo yọ gíláàsì mi. Mo wò ó. Ẹ̀yin ará, ó mọ́ gaara. Ihò nínú ihò, òkè tó ní òjìji. Táyọ̀ ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Màmi, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń mì." Ọwọ́ mi ò kàn án. Ẹkún ni mò ń sun.

Màmá Ìjọ ti wà lórí fóònù. "Ìyá Ṣadé, mú ọmọ yẹn wá. Rárá, nísinsìnyí. Èmi fúnra mi ni mo wò ó, oṣù Ọlọ́run ni." Wọ́n pe ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ọfìnkìn: "Mú un wá tòun ti ọfìnkìn." Èmi náà lọ kan géètì Àlàájà Sìlífá. Mo ní, "Àlàájà, èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ lò. Oṣù ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ọ̀la ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wò ó kí ẹ tó jẹ́ kó wá."

Àlàájà wò ó. Ó ní, "Oṣù tí a fi ń gba ààwẹ̀ rèé? Kúbúrá, tò sórí ìlà."

Àwọn ọmọ ń sáré bọ̀. Wọ́n ń dirun fún ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti parí, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ inú fídíò. Obìnrin tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè béèrè ohun tí wọ́n rí, Kúbúrá sì ṣàlàyé bí òjìji ṣe ń fi jíjìn ihò hàn. Kí wọ́n tó pa fídíò, obìnrin náà ní kí Táyọ̀ máa palẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ó ti lọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọ̀tọ̀ ni bí oṣù ṣe dúró níbẹ̀, kí n lọ wo tiwa kí n sọ èyí tó yàtọ̀. Mo lọ wò ó.

Ojú ṣì ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì fẹ́ kó tán pátápátá, kó lè máa rán mi létí. Ìwọ ìyá, ìwọ bàbá, tí ọmọbìnrin rẹ yan iṣẹ́ tí o kò mọ bí wàá ṣe sọ ọ́ fún èèyàn, má jókòó máa wá orúkọ. Lọ síbi tó ti ń ṣe é. Ní kó fi hàn ọ́. Tí wọ́n bá wá bi ọ́ léèrè, wàá ní nǹkan tí o fojú ara rẹ rí láti sọ. Ìwọ ọmọbìnrin tí wọ́n sì ń rán lọ ra omi, Ọlọ́run tó rí Táyọ̀ rí ọ. Má kúrò nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ rí i pé nígbà tí a débi àdúrà ìràwọ̀ lónìí, Bùrọ̀dá Délé dúró, ó wo ìlà àwọn ọmọ wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Táyọ̀, ojú yín ò sí nínú eléyìí o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì ṣe Àmín.

Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́, awò wà ní gbọ̀ngàn lẹ́yìn. Awò, ẹ̀yin ará, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Màmá Ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.